Ṣé àìsàn ló ń ṣe mí, àbí iṣẹ́ ló ti mu mí gbẹ?

Nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí. Mo ti yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò, mo sì gé lẹ́tà náà kúrú. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ilé ìwòsàn kan níbí ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, mo sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá ti wọ mọ́tò ní Pansẹ́kẹ̀ láti lọ ṣe iṣẹ́ alẹ́, àyà mi á máa já. Èmi tí àwọn aláìsàn máa ń kí pé mo lẹ́rìn-ín lẹ́nu ti wá di ẹni tó ń jágbe mọ́ wọn. Mo ń sùn lọ́sàn-án, bí mo bá jí ó ṣì ń rẹ̀ mí. Dókítà kan tó ń ṣe ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè fún wa ní ìwé kan tó ní ìbéèrè méjìlélógún. Nígbà tí mo dáhùn tán, ó ní burnout tèmi, ìyẹn àárẹ̀ iṣẹ́, ga gan-an. Ọkọ mi ní ìwà ọ̀lẹ ni, pé ìyá òun ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì ráhùn. Pásítọ̀ ní kí n gbààwẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí wọ́n bá rí mi níbẹ̀, wọ́n á ní orí mi ti dàrú. Ṣé àìsàn ni? Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, àbí kí n japa sí Ìlú Ọba bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi? Ṣé àwọn ọ̀gá mi ò sì ní rí ohun tí mo kọ sínú ìwé yẹn?"

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú ìrójú. Ẹ̀rù mẹ́ta ni mo rí nínú lẹ́tà yín: pé bóyá àìsàn ló wọlé sí yín lára, pé bóyá ìwà yín ló bàjẹ́, àti pé bóyá ìtìjú ló kù tó ń bọ̀. Kí n ti ìkejì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kì í dààmú pé òun ń jágbe mọ́ aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ká lára kò ní jókòó kọ irú lẹ́tà yìí sí dókítà tí kò mọ̀ rí. Àwọn méjì tó kù ló gba àlàyé, ẹ ó sì fara dà á bí mo bá pẹ́ níbì kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé ìbéèrè yẹn yẹ̀ wò, torí ó dà bí ẹni pé òun ló dájọ́ fún yín. Ìbéèrè 22 yẹn jọ èyí tí Christina Maslach àti Susan Jackson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1981. Ṣáájú wọn, ní 1974, Herbert Freudenberger, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ní kíníìkì ọ̀fẹ́ kan ní New York, ti kọ̀wé nípa bí àwọn tó ń fi tọkàntọkàn tọ́jú èèyàn ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí agbára wọn á fi tán. Ìwé Maslach pín ọ̀rọ̀ náà sí mẹ́ta: bí agbára ọkàn ṣe tán tó, bí èèyàn ṣe ń wo aláìsàn bíi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì lásán tó, àti bóyá ó ṣì gbà pé iṣẹ́ òun ní láárí. Ìwádìí ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí wọ́n ń pè ní "ga" nígbà náà kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ìyẹn àwọn tí máàkì wọn wà lókè láàárín àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè. Nígbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà kẹrin ìwé ìlànà rẹ̀ ní 2016, àwọn tó ni ín fúnra wọn yọ ààlà yẹn kúrò, torí kò sí ẹ̀rí ìṣègùn kankan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn sì ti ń lò ó bí ẹni lo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, "ga gan-an" tí dókítà yẹn sọ, kò ju pé ohun tó ń rẹ̀ yín lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀. Ẹ sì ti mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó mú bírò.

Òǹkà inú ọ̀rọ̀ yìí rí rúdurùdu ju bí àwọn oníròyìn ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ní 2018, àwọn oníwàádìí kan kó ìwádìí 182 jọ lórí burnout láàárín àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè 45. Ó kéré tán, ìtumọ̀ 142 ni wọ́n bá nínú wọn. Iye dókítà tí wọ́n ní ó ń ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òdo títí dé 80.5 nínú 100. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí ló ní in, ẹ bi í pé ìtumọ̀ wo ló lò. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Nínú ìwé àkójọ àrùn wọn kọkànlá, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni burnout, kì í ṣe àrùn, àti pé wàhálà ibi iṣẹ́ tó ti pẹ́ tí a kò bójú tó dáadáa ló ń fà á. Ẹ di gbólóhùn yẹn mú. Ibi iṣẹ́ ló ní ká kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìwà yín.

Àmọ́ ká má tíì sáré. Ìlú wa yìí ti rí irú ọ̀rọ̀ báyìí rí. Ní Àrò níbí ni Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, ti ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tó ń sọ pé orí ń gbóná àwọn, ojú ń dùn wọ́n, ohun tí wọ́n kà kò sì wọlé. Ó pè é ní brain fag. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní yunifásítì bí àìsàn tó jẹ́ tiwa nìkan. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi sínú ìwé àìsàn ọpọlọ wọn ti 1994, nígbà tó di 2013 wọ́n yọ ọ́. Bí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò sí i, ọ̀pọ̀ wọn gbà pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, pé ó kàn gba orí àti ojú sọ̀rọ̀ ni. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní 1954, àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ti lọ káàkiri àwọn abúlé àyíká wa, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1963 sì fi hàn pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà láàárín wa dáadáa, bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó kan ti ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n lára aláwọ̀ dúdú. Ohun tí mo ń fi èyí sọ ni pé orúkọ tó bá ti gbajúmọ̀ lè bo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí gbogbo èèyàn bá ti ń pariwo burnout, a lè gbàgbé láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára èèyàn.

Ara ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní nọ́ọ̀sì ni yín, kí ni mo fẹ́ kọ́ yín. Òṣìṣẹ́ ìlera ló ń pẹ́ jù lọ kó tó ṣe àyẹ̀wò ara rẹ̀. Ẹ ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ogún èèyàn lójúmọ́, ẹ ò rántí apá tiyín. Àyà tẹ́ ẹ ní ó ń já, ó jọ ìbẹ̀rù létí mi, àmọ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè sọ èèyàn jẹ́jẹ́ di oníbìínú. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù, tàbí tó ní kókó nínú ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀, títí àtẹ̀gùn tó ti ń gùn láti ọjọ́ yìí á fi di òkè Olúmọ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣe PCV, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, ẹ wọn ìfúnpá, ẹ wo ṣúgà, ẹ wò bóyá oyún ni. Àwọn ìyẹn kò ju iṣẹ́ òwúrọ̀ kan lọ. Ti thyroid ló wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kẹ́ ẹ fo ó. Ẹ fi ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) kún un, torí abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ń dì mú lójoojúmọ́. Ẹ sì bi ọkọ yín bóyá ẹ ń hanrun tí èémí yín á dúró díẹ̀ kó tó tún já gbà. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè sùn wákàtí mẹ́sàn-án kó má sinmi. Ó kéré tán, ọkọ yín á rí nǹkan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ìdájọ́.

Oorun ọ̀sán yẹn fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Aago kan wà nínú ara tó ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀, kò sì mọ̀ pé wọ́n kọ orúkọ yín sí òru nínú rósítà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ mọ́jú máa ń sùn kúrú lọ́sàn-án, oorun rẹ̀ sì ń fẹ́lẹ́, ká má tíì sọ ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ọmọ tó ti iléèwé dé, àti oníwàásù tó gbé gbohùngbohùn sójú ọ̀nà. Ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ẹ sùn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ. Bí ẹ bá lè rí ogún ìṣẹ́jú fi orí lélẹ̀ láàárín òru, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ yín ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù, kì í ṣe olè. Kọfí, ìbẹ̀rẹ̀ òru ni kẹ́ ẹ mu ún, kì í ṣe agogo márùn-ún ìdájí.

Lẹ́yìn ara ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kàn. Òun àti àárẹ̀ iṣẹ́ jọra bí ìbejì, àwọn oníwàádìí pàápàá ṣì ń jiyàn bóyá ohun méjì ni wọ́n. Ìlà kan wà tí mo máa ń fà sáàárín wọn, mo sì mọ̀ pé kò tọ́ tán. Àárẹ̀ iṣẹ́ tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í sábà kọjá géètì ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń ṣe á lọ sóde ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, á wọ àdìrẹ, á jó, àfi bó bá rántí iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni ojú rẹ̀ á tó fà ro. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn á bá a dé òde yẹn. Oúnjẹ ò ní dùn lẹ́nu rẹ̀, á máa jí ní ìdájí lọ́jọ́ tí kò ní iṣẹ́, á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò kàn án, eré ọmọ rẹ̀ á sì máa ni í lára. Bí irú ìyẹn bá ti wà fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dáwọ́ dúró, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rósítà nìkan mọ́. Ó ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ kò sọ fún mi nínú lẹ́tà yín bóyá ohunkóhun ṣì ń dùn mọ́ yín nílé, n kò sì lè fi lẹ́tà dá a mọ̀. Bó bá ti wá dé orí pé ẹ ń rò ó pé ikú sàn, tàbí ẹ ń gbàdúrà pé kí mọ́tò kọlù yín kẹ́ ẹ lè rí ọjọ́ díẹ̀ sinmi, tí mo ti gbọ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìlera jù ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ má dúró gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà kankan. Ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹnì kan sì bá yín lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ ò bi mí, ṣùgbọ́n n ò ní fi pamọ́. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà lọ́wọ́ yín. Bí àwọn kan láàárín wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: bromazepam kan láti fi sùn lọ́sàn-án, tramadol kan láti fi dìde lálẹ́, lẹ́yìn náà pentazocine, abẹ́rẹ́ apàrora. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà tẹ́ ẹ bá lọ rí, ẹ má fi ṣeré.

Ó kan ọkọ yín. Ẹ bá mi kí ìyá wọn, mo bọ̀wọ̀ fún ìran yẹn. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti èyí tẹ́ ẹ ń ṣe, orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Nígbà ayé wọn, àwọn nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn pọ̀ lórí wọ́ọ̀dù, akẹ́kọ̀ọ́ wà, òṣìṣẹ́ tó ń gbé omi wà, oògùn sì wà nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Lónìí, nọ́ọ̀sì méjì ló ń dúró ti wọ́ọ̀dù tó kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ni nọ́ọ̀sì, àwọn ni akọ̀wé, àwọn ni ẹni tó ń wá àga onítáyà kiri. Bí ẹnì kan bá sì ti wọ bàálù, iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ, ẹ̀yin tó kù lẹ pín in. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 55 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn ti kéré débi tí kò yẹ kí àwọn olówó máa dìídì wá kó wọn. Ti wákàtí iṣẹ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà. Wọ́n dán an wò ní Ọsirélíà ní 1997, wọ́n rí i pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ ti falẹ̀ tó ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú 100, ìyẹn ibi tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń sọ pé kí èèyàn má wakọ̀ mọ́. Ní Boston lọ́dún 2004, àwọn dókítà tuntun tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 24 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà ṣe àṣìṣe ńlá tó fi 36 nínú 100 pọ̀ ju ti ìgbà tí wọ́n gé wákàtí wọn kù. Ẹ lè ka ìpínrọ̀ yìí sí ọkọ yín létí.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń wá sọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ púpọ̀ kọ́ ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn jù. Ohun tó ń jẹ wọ́n ni kí wọ́n mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, kí ọwọ́ wọn má sì tó o. Obìnrin kan dé ní òru, èémí rẹ̀ kò délẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó nílò wà ní fámásì, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú méjì lọ, ṣùgbọ́n owó ò sí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, POS kò sì ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì á yọ owó tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á tún yọ ọ́. Owó oṣù tirẹ̀ kò tíì wọlé. Bó pẹ́ bó yá, ọjọ́ kan á wà tí yóò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé tí kò sọnù kiri kó má bàa rí ojú ọkọ obìnrin yẹn. Ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Ìyẹn náà ni ìpín kejì ìwé Maslach, wíwo èèyàn bí nǹkan. Ìpín yẹn ló ń ti àwọn òṣìṣẹ́ lójú jù, mo sì rò pé òun ló ṣe yín tí ẹ fi ń jágbe. Ọkàn tí kò ní ibi tó máa gbé àánú rẹ̀ sí mọ́, ìbínú ló máa ń gbé jáde. Ẹ fi ti mọ̀lẹ́bí aláìsàn kún un, tó ń nawọ́ síni lójú nítorí ohun tí ìjọba ò ṣe. Mo mọ nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbá létí nínú wọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ní kó padà lọ parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀rí tó wà kì í ṣe púpọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lára dókítà ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ti wá, kì í ṣe nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta. Ní 2016, wọ́n kó ìwádìí tó lé ní àádọ́ta jọ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet: lẹ́yìn oríṣiríṣi ìrànlọ́wọ́, àwọn dókítà tí burnout ń ṣe dín kù láti 54 sí 44 nínú 100. Ìyẹn dára, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ní 2017, àwọn mìíràn fi àfikún tó wúlò sí i: kíkọ́ òṣìṣẹ́ bí yóò ṣe máa mí kanlẹ̀ tàbí bí yóò ṣe máa fara dà á kò ṣe tó àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe sí wákàtí, sí iye iṣẹ́ àti sí bí wọ́n ṣe ń pín in. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi bí wọ́n bá pe nọ́ọ̀sì jókòó láti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa ìfarabalẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó sinmi. Ohun tó ṣeé béèrè láìdúró de Abuja wà: kí òru tó tẹ̀ léra má ju mẹ́ta lọ, kí ọjọ́ méjì gbáko wà lẹ́yìn wọn, kí wọ́n má fi ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní òru sí iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí rósítà jáde kí oṣù tó wọlé, kí ẹni tó bá ti pẹ́ nínú wọ́ọ̀dù tó le lọ sí kíníìkì fún ìgbà díẹ̀. Méjì nínú wọn kì í ná ilé ìwòsàn ní kọ́bọ̀.

Pásítọ̀ yín fẹ́ràn yín, ẹ sì gbàdúrà. Ààwẹ̀ ni mo ní ìjà lé lórí. Ẹni tí a kò tíì mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, tó ń ṣiṣẹ́ òru, kò gbọ́dọ̀ máa febi rìn. Ẹ sọ fún wọn pé dókítà ní kẹ́ ẹ fi sí iwájú ná, wọn á gbọ́.

Ti kíkọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má ṣe é lẹ́yìn òru méje. Ẹni tó ti rẹ̀ tán, ohun gbogbo ló ń jọ ẹnu ọ̀nà lójú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ìsinmi ọdún tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ má sì fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni. Bí ara bá bọ̀ sípò, tí àyà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í já bí ọjọ́ ìpadàbọ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ibi iṣẹ́ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ yí. Bí ìsinmi kò bá yí ohunkóhun padà, ẹ padà sí ohun tí mo sọ nípa ara àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ti Ìlú Ọba, n kò ní bú ẹni tó lọ. Owó dára níbẹ̀, rósítà sì ní òfin. Òfin tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì wa gbé jáde ní 2024 pé kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì kó tó gba ìwé ẹ̀rí lọ sókè òkun kò lè dí ẹni tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè tí NHS, àjọ ìlera ìjọba ibẹ̀, ń bi àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ́dọọdún, nǹkan bí 30 nínú 100 ló sọ ní 2023 pé iṣẹ́ ń mú àwọn gbẹ nígbà gbogbo tàbí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ó tún lọ síbẹ̀ láìsí ìyá, láìsí ẹni tó máa bá yín mú ọmọ níléèwé. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ nígbà tí ara yín le. Mo ti rí ẹni tó gbé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ bàálù, òtútù àti ìdánìkanwà ibẹ̀ sì mú un le sí i.

Àrò wàyí. Mo mọ̀ pé nílùú yìí, bí ọmọdé bá ń bú ara wọn, Àrò ni wọ́n máa ń ran ara wọn lọ. Ẹ̀rù yín kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹni tí Lambo kọ́kọ́ tọ́jú níbẹ̀ kò wà nínú ẹ̀wọ̀n: abúlé tó yí ibẹ̀ ká ni wọ́n ń gbé, lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó ní kíníìkì ibẹ̀ lónìí jẹ́ olùkọ́, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí oorun ò kùn tàbí tí àníyàn ń bá jà, tí wọ́n gba oògùn tí wọ́n sì padà síbi iṣẹ́. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2023, ti rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, ó sì lòdì sí kí wọ́n fi àìsàn ọpọlọ dín ẹ̀tọ́ èèyàn kù. N ò ní purọ́ pé òfin ti wẹ ẹnu àwọn èèyàn mọ́. Bí ẹ kò bá tíì lè wọ géètì yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà gbogbogbòò ní ilé ìwòsàn tí kì í ṣe tiyín, ẹ ṣe àwọn àyẹ̀wò tí mo kà, ẹ sì sọ ti ọkàn fún un pẹ̀lú ti ara. Òun lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, òun ló sì máa sọ bó bá yẹ kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ àwa oníṣègùn ọpọlọ.

Ìbéèrè yín nípa ìwé yẹn ló bọ́gbọ́n mu jù, ẹ sì fi í sẹ́yìn. Ìlànà ìwádìí lára èèyàn, láti ìgbà ìkéde Helsinki ti 1964, ni pé ẹni tí wọ́n ń bi léèrè gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe, kó lè kọ̀, kó sì lè yọ ara rẹ̀ nígbàkígbà láìsí ìyà. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kí ìwé tó dé ọwọ́ yín. Àmọ́ ẹ wo èyí: bí dókítà yẹn bá lè sọ fún yín pé tiyín ga, a jẹ́ pé ó mọ ìwé tó jẹ́ tiyín. Ẹ bi í báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n. Bóyá ojú ẹsẹ̀ ló ṣírò rẹ̀ níwájú yín, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Bóyá orúkọ wà lára ìwé, ẹ ní kó yọ ọ́, kó fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí àwọn ìwé náà wà àti ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí mátíróònù rí ìdáhùn ẹnì kan, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó. Ohun tó yẹ kó rí ni àpapọ̀ ti wọ́ọ̀dù, ẹ̀yin sì lẹ máa jèrè rẹ̀. Ẹ rọ dókítà yẹn pé kí iṣẹ́ rẹ̀ má parí sínú ìwé oyè nìkan, kó kó àpapọ̀ náà lọ síwájú àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kó sì fi rósítà oṣù mẹ́ta ẹ̀yìn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ rí mátíróònù ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ má lọ nìkan, ẹ má sì bá wọn sọ̀rọ̀ burnout. Kí ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ lọ ní ọ̀sán, kẹ́ ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè fọwọ́ sí lọ́jọ́ yẹn. Ti òru mẹ́ta ni èmi ì bá mú lọ.